Ìkòkò Ọbẹ̀ àti Ẹnu Ibodè: Ọ̀rọ̀ Ebè Ẹ̀yìnkùlé ní Abidjan

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Burkina Faso, Mali àti Niger, jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1975. Láti ìgbà náà ni àwọn amòye ti ń ṣe àlàyé ohun tí ìpínyà yìí yóò mú bá ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà. Àlàyé wọn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó sún mọ́ aráàlú ju gbogbo wọn lọ, tí a kì í sì í gbọ́ lẹ́nu àwọn aṣojú ìjọba nígbà tí wọ́n bá jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èròjà ọbẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Abidjan ní Côte d'Ivoire yóò mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé púpọ̀ nínú àlùbọ́sà ibẹ̀ wá láti Niger àti Burkina Faso, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé òmíràn wá láti ilẹ̀ Holland. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, tí ECOWAS sì pàṣẹ pé kí a ti ẹnu ibodè mọ́ orílẹ̀-èdè náà, láti ìparí oṣù keje náà títí di oṣù kejì ọdún 2024 ni àṣẹ yẹn fi wà. Àwọn ológun kò jẹ àlùbọ́sà wọn tán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ààrẹ tí ó pàṣẹ kò pa ebi mọ́nú. Àgbẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ ń jẹrà lójú ọ̀nà àti ìyá tí ń wá èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n jọ ru ẹrù ìjà náà.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa, àti àwọn olùkọ́ pàápàá, bá wa wo ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré: bí ìdílé kan ṣe lè gbin ẹ̀fọ́ tí yóò tó o jẹ sórí ebè gíga ní àgbàlá ara rẹ̀, láàárín ìlú ńlá. Ọ̀rọ̀ òmìnira ni. Orílẹ̀-èdè tí ó ní àsíá àti orin tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ń dúró de àṣẹ ẹlòmíràn, ṣì kù ní ohun kan.

ÌLÚ TÍ A Ń BỌ́ LÁTI Ọ̀NÀ JÍJÌN

Ní 1934 ni àwọn Faransé gbé olú ìlú Côte d'Ivoire kúrò ní Bingerville wá sí Abidjan. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi Vridi tán ní 1950, tí ọkọ̀ òkun sì ráyè wọ inú ọ̀sà, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí. Lóòótọ́ ni ìjọba sọ Yamoussoukro di olú ìlú ní 1983, síbẹ̀ Abidjan ni iṣẹ́ àti owó wà. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí àpapọ̀ ènìyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ. Ènìyàn kan nínú márùn-ún ní gbogbo ilẹ̀ náà ni ó ń se ọbẹ̀ ní Abidjan.

Côte d'Ivoire ni ó ń ta kòkó jù lọ ní gbogbo ayé. Kòkó ti kọ́ ilé, ó ti la ọ̀nà, ó sì ti rán ọmọ ní ilé ìwé gíga, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ilẹ̀ wa náà. Ṣùgbọ́n a kì í fi kòkó se ọbẹ̀. Ilẹ̀ tí ó dára jù lọ àti ọwọ́ tí ó lágbára jù lọ ni a ti fi fún ohun tí ará òkèèrè ń mu, tí a sì ń fi owó rẹ̀ ra ìrẹsì àti àlùbọ́sà wá sílé. Iṣu ń ti ìhà Bondoukou wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ti inú igbó ìwọ̀-oòrùn wá, gbogbo wọn sì ń wọ ọjà ńlá bí ọjà Gouro ní Adjamé, níbi tí àwọn obìnrin ẹ̀yà Gouro ti fi ọgbọ́n àti ìṣọ̀kan sọ ara wọn di olówò tí ìjọba pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ṣe. Àléébù kò sí lọ́wọ́ wọn; inú ọ̀nà jíjìn ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ìgbà tí ọ̀nà náà ti já. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ogun abẹ́lé pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀, kò sì sí àdéhùn tí ó fìdí múlẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 2007. Ní ìparí oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2008, nígbà tí oúnjẹ gbówó lórí ní gbogbo ayé, àwọn obìnrin Cocody àti Yopougon tú sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ọlọ́pàá sì yin èéfín atajú sí wọn, kí Ààrẹ Laurent Gbagbo tó dín owó ibodè tí a ń gbà lórí oúnjẹ kù. Ní 2011, ìjà lórí ìdìbò sọ ìgboro Abidjan di pápá ogun. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba sé ọ̀nà láàárín Abidjan àti àwọn ìlú yòókù. Ẹrù oúnjẹ ń kọjá, ṣùgbọ́n èrò kò lè kọjá láìgba ìwé àṣẹ, títí di oṣù keje. Lẹ́yìn èyí ni ti Niger ní 2023.

Láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a lè pè é ní àgbákò. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ti di àsìkò bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ọlọgbọ́n a sì máa múra sílẹ̀ de àsìkò.

ÀWỌN ÀNÀGÓ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ILẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn ọmọ Yorùbá láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìníṣà, Ìwó àti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Ànàgó. Ní Treichville, Adjamé àti Koumassi, ọmọ ọmọ àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ ti dàgbà, wọ́n sì ń sọ Faransé mọ́ Yorùbá. Ní Èjìgbò, ọkọ̀ èrò ń gbéra láti inú ìlú tààrà sí Abidjan, bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ sí Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò í jẹ́ lójú òfin. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1998, Côte d'Ivoire ṣe òfin ilẹ̀ oko tí ó sọ pé ìjọba àti àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko ní tiwọn. Àjèjì lè yá a lò, kò lè jogún rẹ̀ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. A kò bá wọn jà lórí èyí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí ó dàgbà nínú àwọn èèyàn wa kò gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì fi ṣọ́ọ̀bù àti oko kòkó sílẹ̀ sá lọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Àwọn onílẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú ìdààmú yìí bí wọ́n bá jẹ́ tálákà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ìlú Abidjan fi katakata wó àwọn àdúgbò bí Gesco ní Yopougon àti Boribana ní Attécoubé. Àwọn tí ń dáko ẹ̀fọ́ láàárín ìlú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Burkina Faso, orí ilẹ̀ àyálò ni wọ́n wà: ní ẹ̀bá títì, ní abẹ́ okùn iná ńlá, ní etí ọ̀sà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Bí onílẹ̀ bá dé ní òwúrọ̀, ẹ̀fọ́ a di ìpìlẹ̀ ilé ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, bí a bá ń wá ọ̀nà tí ìdílé ayálégbé yóò fi gbin ẹ̀fọ́, a níláti wá èyí tí kò béèrè ìwé ilẹ̀, tí ó gba àyè díẹ̀, tí a sì lè kó lọ bí a bá ní kí a kúrò nílé. Ebè gíga ni ó sún mọ́ èyí jù lọ.

EBÈ GÍGA KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Àwọn kan rò pé ọgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun ni kí a gbé ilẹ̀ sókè kí a tó gbin nǹkan sí i. Ẹni tí ó bá ti kọ ebè iṣu rí, tàbí tí ó ti rí bí àwọn baba wa ti ń la poro ní àkùrọ̀ kí omi má bàa rì ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ̀ pé ohun àtijọ́ ni. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ti ìgboro ni pé a fi pákó, búlọ́ọ̀kù, tàbí òkúta yí ebè náà ká, a sì bu ilẹ̀ ọlọ́ràá sí i láti ibòmíràn.

Abidjan nílò rẹ̀ fún ìdí méjì. Ìkíní ni ilẹ̀ iyanrìn. Ní Port-Bouët, ní Vridi àti ní gbogbo etí òkun, iyanrìn kì í mú omi dání, kì í sì í mú ọ̀rá dání. Ìkejì ni òjò. Òjò ńlá a máa rọ̀ láti oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún títí dé oṣù keje, oṣù kẹfà ni ó sì máa ń le jù. Òjò kékeré a tún padà ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2018, àgbàrá pa ènìyàn tí ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní Abidjan. Òjò tí ó ń gbé ilé lọ kò ní fi ẹ̀fọ́ tí a gbìn sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ebè tí ó ga ní ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà, tí a sì fi nǹkan yí ká, ni gbòǹgbò rẹ̀ yóò rí èémí mí.

Báwo ni yóò ti tóbi tó? Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà kan àti ogún sẹ̀ntímítà lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gígùn rẹ̀ lè jẹ́ mítà márùn-ún. Ebè bẹ́ẹ̀ kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, kí àwọn olùkọ́ lè gbé e ka ojú pátákó fún àwọn ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ènìyàn kan jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kò dín ní 400 gíráàmù lóòjọ́. Ká sọ pé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà fẹ́ kí 150 gíráàmù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ eléwé tí wọ́n gbìn fúnra wọn. Èyí jẹ́ 900 gíráàmù lóòjọ́, kílò 27 lóṣù. Bí ilẹ̀ bá sanra, tí omi kò sì wọ́n, a lè fojú dá kílò kan àbọ̀ ẹ̀fọ́ lóṣù lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Bí a bá fi kílò kan àbọ̀ pín 27, yóò fún wa ní 18. Ebè mẹ́ta nìyẹn. Bí a bá fi ebè kẹrin kún un fún ata, ilá àti tòmátì díẹ̀, ìdílé náà ti ní ohun tí ó tó ìdajì ìyára ilé ìwé kan, tí ó sì ń pèsè ewé ọbẹ̀ wọn lójoojúmọ́.

Ẹ̀fọ́ wo ni kí a gbìn? Níhìn-ín ni inú ènìyàn ti ń dùn, nítorí pé ohun tí ará Abidjan ń jẹ ni ohun tí àwa náà ń jẹ. Ewédú wa ni wọ́n ń pè ní kplala. Tẹ̀tẹ̀ ni boronbrou. Ìṣapá ni dah. Amúnútutù pẹ̀lú ń bẹ lọ́jà wọn. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó fà tu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Ewédú a máa tó gé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, bí a bá sì gé e láìfa gbòǹgbò rẹ̀ tu, yóò tún rúwé. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fún gbogbo irúgbìn ní ọjọ́ kan, kí ẹ̀fọ́ kún ilé lọ́sẹ̀ kan, kí ó sì wọ́n fún oṣù kan. Kí a pín ebè sí ìdá mẹ́rin, kí a máa fún irúgbìn sí ìdá kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọ́ yóò sì máa tò lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tí ó tò ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́. Ibi tí tòmátì bá ti kú mọ́lẹ̀ ní ọdún yìí, kí a gbin ewé sí i ní ọdún tí ń bọ̀, nítorí àrùn tí ń mú tòmátì rọ ń sùn sínú ilẹ̀.

A kò ní fi iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́. Ilẹ̀ tí yóò kún ebè kan ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó bárò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bí bárò kọ̀ọ̀kan bá gba ọgọ́ta lítà. Fún ebè mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún bárò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìdílé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ebè kan, kí ó sì máa fi ìdọ̀tí ilé sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Abidjan kò ṣe aláìní ìdọ̀tí rere. Èèpo gbágùúdá pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń ṣe attiéké. Ìgbẹ́ adìyẹ wà ní ọgbà àwọn olósìn. Ṣùgbọ́n kí a kó wọn jọ, kí a fi ewé gbígbẹ sí i, kí a máa yí i, kí ó sì jẹrà dáadáa fún oṣù méjì ó kéré tán, nítorí májèlé wà nínú èèpo gbágùúdá tútù, ìgbẹ́ adìyẹ tútù a sì máa jó gbòǹgbò.

Omi ni ìnira kejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mítà onígun mẹ́rin kan a máa fẹ́ bí lítà márùn-ún lóòjọ́. Fún ebè mẹ́ta, àádọ́rùn-ún lítà ni, tí ó jẹ́ bí garawa mẹ́rin àbọ̀ tí ó gba ogún lítà. Ẹni tí ń ra omi kò ní rí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ ní ìwọ̀n ogún mìlímítà sórí òrùlé tí ó jẹ́ ogójì mítà onígun mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin lítà omi ni ó ń ṣàn dànù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé dírọ́ọ̀mù sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, tí ó sì fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, ti rí omi mú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò ní àgbàlá rárá ńkọ́? Kí ó lo àpò, abọ́ ńlá tí ó ti fọ́, tàbí ìlàjì dírọ́ọ̀mù tí a lu ihò sí nídìí. Ní Kibera, àdúgbò tálákà ní Nairobi, lẹ́yìn ìjà ìdìbò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2007, ọ̀pọ̀ ìdílé gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò tí wọ́n kún fún ilẹ̀, wọ́n ń gbìn ín sí orí àti sí ẹ̀gbẹ́ àpò náà. Ẹni tí a lé kúrò nílé lè gbé irú oko bẹ́ẹ̀ sórí ọmọlanke.

ILẸ̀ TÍ Ó MỌ́

Ìdí kan ṣì wà tí ó wúwo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ òkun kan tí à ń pè ní Probo Koala, tí ilé iṣẹ́ Trafigura háyà, gbé ìdọ̀tí olóró wá sí èbúté Abidjan. Òru ni wọ́n dà á sí àwọn ibi púpọ̀ káàkiri ìlú, títí kan ààtàn Akouédo. Ènìyàn kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sì wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn. Ìjọba ìgbà náà kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìlú ti ní ìtumọ̀ mìíràn: ilẹ̀ lè dára lójú, kí ó sì jẹ́ àgbọ̀n májèlé.

A kò níláti dúró de ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kí a tó rí májèlé. Oògùn apakòkòrò tí a ṣe fún òwú ni àwọn aláìmọ̀kan ń fọ́n sí ewé tí a óò jẹ lọ́la. Omi gọ́tà ni àwọn mìíràn fi ń bomi rin sàláàdì. Ẹni tí ó ra ẹ̀fọ́ lọ́jà kò lè mọ èyí tí ó mọ́ àti èyí tí kò mọ́, nítorí pé gbogbo wọn ni ó tutù yọ̀yọ̀. Ebè gíga fún ìdílé ní agbára láti mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Eérú díẹ̀ àti omi ewé dóńgóyárò a máa lé ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ewé tí kòkòrò bá jẹ kù, ó sàn ju ewé tí kòkòrò kò lè fẹnu kàn lọ.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI ṢE

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ebè lè ṣe nǹkan kan tí ó hàn nínú ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ wo Kúbà, erékùṣù tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ń ṣàn nínú ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ́tì tú ká ní 1991, epo, ajílẹ̀ àti oúnjẹ tí Kúbà ń rí gbà láti ibẹ̀ dáwọ́ dúró, Amẹ́ríkà kò sì tú ìdè òwò tí ó fi dè é. Ebi wọ Havana. Àwọn ará ìlú náà wá mọ ògiri kékeré yí ilẹ̀ òfìfo ká láàárín ilé, wọ́n kó ilẹ̀ àti ajílẹ̀ kún un, wọ́n sì gbin ẹ̀fọ́. Organopónico ni wọ́n ń pè é. Kúbà kò tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ nínú ìṣòro oúnjẹ, títí di òní ó ń ra púpọ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tútù padà sórí tábìlì àwọn ará Havana láti inú Havana fúnra rẹ̀.

Nítòsí wa, ní Dakar, ìjọba Senegal àti àjọ FAO bẹ̀rẹ̀ ètò oko kékeré orí tábìlì àti òkè ilé ní 1999. FAO sọ pé mítà onígun mẹ́rin kan irú oko bẹ́ẹ̀, bí a bá tọ́jú rẹ̀ gidigidi, lè mú nǹkan bí ọgbọ̀n kílò tòmátì wá lọ́dún.

Àwa náà ti gbìyànjú. Ní 1972, ìjọba Acheampong ní Ghana kéde pé kí olúkúlùkù bọ́ ara rẹ̀. Ní 1976, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó pè ní Operation Feed the Nation, a sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko nígbà ìsinmi. A lu ìlù, a kọ orin, a pín ajílẹ̀. Síbẹ̀ oúnjẹ tí Nàìjíríà ń rà láti òkèèrè ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Dakar ni pé ti Dakar kọ́ ìdílé ní iṣẹ́, ó sì bá wọn gbé lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́. Ìpolongo a máa tán pẹ̀lú ìjọba tí ó gbé e kalẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní ilé ìwé kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

TA NI YÓÒ ṢE KÍ NI?

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ebè mẹ́rin kò lè mú ìrẹsì jáde, kò lè mú iṣu jáde, àlùbọ́sà tí ìdílé yóò jẹ lọ́dún kò sì ní ti inú rẹ̀ wá tán. Kò tún gbọdọ̀ di àwíjàre fún ìjọba tí kò fẹ́ tún ọ̀nà ṣe, tàbí fún àwọn ààrẹ tí ń ti ibodè mọ́ àgbẹ̀ nítorí ìjà tí àgbẹ̀ kò dá sílẹ̀. Ohun tí ebè lè ṣe ni pé kí ewé, ilá àti ata, èyí tí ó ń tètè bàjẹ́ jù lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, kúrò lábẹ́ àṣẹ ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ọ̀nà bá já, ìdílé yóò ní ọbẹ̀ díẹ̀ fi sùúrù jẹ.

Ìjọba Côte d'Ivoire ní irin iṣẹ́ lọ́wọ́. Láti 1993 ni ilé iṣẹ́ ANADER ti wà láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀. Kí ó wá sí ìgboro pẹ̀lú, kí ó ka ìyá tí ó ní ebè méjì ní Abobo sí àgbẹ̀. Àwọn ilé ìwé kan ní ilé oúnjẹ níbi tí ọmọ ti ń san owó díẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé sì ń gbin nǹkan fún. Ètò rere ni. Bí ilé ìwé ìgboro kọ̀ọ̀kan bá ní ebè mẹ́wàá, ọbẹ̀ inú àwo ọmọ yóò nípọn sí i, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè yóò sì rí ibi tí a ti ń fi ojú rí wọn. Kí àwọn aláṣẹ àdúgbò sì ya ilẹ̀ ẹ̀fọ́ sọ́tọ̀ nínú àwòrán ìlú, bí wọ́n ti ń ya ti ọjà àti ti ìsìnkú sọ́tọ̀, kí àgbẹ̀ ìgboro lè mọ iye ọdún tí òun yóò lò níbẹ̀.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Abidjan, wọ́n mọ bí a ti ń dá owó jọ láti sin òkú àti láti ṣe ọdún. Kí wọ́n dá owó irúgbìn àti ti dírọ́ọ̀mù omi pẹ̀lú. Ọmọ Èjìgbò tí ó bá gbin ewédú ní Treichville, tí ó sì fún aládùúgbò rẹ̀ tí ń pè é ní kplala, ti sọ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni kò ní jiyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Nàìjíríà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará Abidjan nìkan ni èyí. Èkó tóbi ju Abidjan lọ, tòmátì rẹ̀ ń ti Kánò àti Kàdúná wá, àlùbọ́sà rẹ̀ ń ti Ṣókótó àti Kébbí wá, ọ̀nà náà sì gùn, ó sì léwu. Oṣù kẹta ni ó dára jù láti kó ilẹ̀ sórí ebè, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bá a níbẹ̀. Kí olúkúlùkù ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ebè kan, kí àwọn ọmọ wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n bá gé níbẹ̀ sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yẹn yóò sọ fún wa bí ìṣirò orí ìwé yìí ti rí nínú ilẹ̀ tiwa.